Márùn-ún Nínú Méjìlá

Àwa méjìlá la ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlà wa ní Àgbowó, gbogbo wa la sì kọjú sí títì. Ohun èlò àwọn télọ̀ ni èmi ń tà: bọ́tìnnì, síìpù, òwú, rọ́bà ìbàdí, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ọjà tí kì í pariwo ni, èmi náà kì í sì í pariwo. Mi ò lè dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n máa fa oníbàárà lápá, kí n máa pe ẹni tí mi ò mọ̀ rí ní àǹtí mi àtàtà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń to páálí bọ́tìnnì sẹ́yìn gíláàsì, àwọ̀ sí àwọ̀, láti orí ńlá dé orí kékeré, kí télọ̀ tó wà lórí ọ̀kadà lè rí i kó sì ní kí ọlọ́kadà dúró. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jẹun bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé mi kúrò níbi tí títì ti lè rí mi, ọjà mi kú nìyẹn. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ yéni, torí òun ni mo ń bẹ̀rù ní gbogbo àkókò tí mo fẹ́ ròyìn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi kò fi hàn.

Wọ́n mú títì fẹ̀ sí i, wọ́n sì wó ìlà wa. Ìdílé Mùsùlùmí kan tó ti pẹ́ nílùú ló ni ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún wọn kò gba ṣọ́ọ̀bù méjìlá níwájú mọ́. Wọ́n kọ́ márùn-ún síwájú, wọ́n kọ́ méje sẹ́yìn, àwọn tẹ̀yìn sì kọjú sí fẹ́ńsì ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ọ̀nà tóóró kan ló lọ síbẹ̀, ọ̀nà tí ènìyàn kì í gbà àfi tó bá ṣìnà tàbí tó fẹ́ tọ̀. Àlàájì, àgbà ìdílé náà, pè wá jọ.

"Iye owó kan náà ni iwájú àti ẹ̀yìn," wọ́n ní. "Mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé iṣu wá bẹ̀ mí nílé nítorí iwájú. Ẹ lọ ṣẹ́ kèké. Tí ẹ bá ti parí, kí ẹ mú orúkọ wá, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Kí á gé ìwé méjìlá, kí á kọ iwájú sára márùn-ún, kí á kọ ẹ̀yìn sára méje, kí á ká wọn, kí á dà wọ́n sínú abọ́, kí oníkálukú mú ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró. Kò sí ẹni tó takò kèké. Ohun tí a ń jà lé lórí ni ta ni yóò kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ abọ́.

Àlàájà tó ń ta ike ló dàgbà jù nínú wa, wọ́n sì ní àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Alága wa, ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe, ní òun lòun kọ́kọ́ dé ìlà náà, nígbà tó ṣì jẹ́ igbó.

"Igbó wo?" Àlàájà bi í. "Igbó kan ṣoṣo tí mo bá níbẹ̀ ni irùngbọ̀n yín, Alága."

"Àlàájà, irùngbọ̀n yẹn lẹ máa ń wá bá gbàmọ̀ràn."

"Mo ń bá a gbàmọ̀ràn nígbà tó ṣì dúdú."

Ìyá Aládùúrà, tó ń ta aṣọ ọmọdé, dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní ipò keje ni Ẹ̀mí fi han òun, kí ẹnikẹ́ni jọ̀wọ́ má bá òun dù ú. Ẹ̀mí kò bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nípa keje, nítorí náà ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ló tètè yanjú. Gbogbo àwọn yòókù fẹ́ wà láàárín ìkíní sí ìkẹrin, èrò kan náà ló sì wà lọ́kàn gbogbo wọn. Alága ló sọ ọ́ síta: "Ìwé iwájú ò ju márùn-ún lọ. Àwọn tó bá kọ́kọ́ mú ni wọ́n máa kó o tán. Kí ni ẹni tó gbẹ̀yìn máa rí mú?" Gbogbo orí mì.

Èmi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ibi tí mo sì ti mọ̀ ọ́n ni ilé-ẹ̀kọ́ girama, níbi tí ìwé mi parí sí. Tíṣà ìṣirò wa máa ń gbé àpò kékeré kan wá sí kíláàsì, ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ní bí aṣọ ṣe ní ọ̀pá tí à ń fi wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀n, ìṣeéṣe sì ni orúkọ ìwọ̀n náà. Kí á ka gbogbo ohun tó lè bọ́ sí ọwọ́ wa láti inú àpò, bí kò bá ti sí èyí tó yá ju ìkejì lọ láti jáde. Kí á ka èyí tí a ń fẹ́ nínú wọn. Kí á wá fi àpapọ̀ pín èyí tí a ń fẹ́. Ohun tó máa jáde kò lè dín sí òdo, kò sì lè ju oókan lọ. Òdo ni ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Oókan ni ohun tí kò lè ṣe kó má ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ayé wa yòókù wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí a kò bá sì mọ ohun tó wà nínú àpò, kí á máa mú, kí á máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí á máa dá a padà, lọ́pọ̀ ìgbà, títí tí ìwé tí à ń kọ yóò fi máa sún mọ́ òótọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa, èyí ló wù mí jù. Òun nìkan ló gbà pé òun ò mọ ohun tó ń bọ̀, síbẹ̀ ó lè sọ bí àìmọ̀ náà ṣe tó.

Ní ìpàdé kẹta, mo nawọ́. Gbogbo ènìyàn yíjú sí mi, torí wọn ò gbọ́ ohùn mi rí ní ìpàdé àfi tí wọ́n bá ń pe orúkọ.

"Ipò kò yí nǹkan kan padà," mo ní. "Ẹni kìíní àti ẹni kejìlá, ọ̀kan náà ni. Márùn-ún nínú méjìlá ni fún oníkálukú wa."

"Tún un sọ, ọmọ mi," Àlàájà ní. "Ó dà bí ẹni pé etí ń dùn mí."

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé a ò lo abọ́. Ká sọ pé a to ìwé náà sórí tábìlì láìṣí i, ọ̀kan síwájú oníkálukú. Ṣé ìwé mọ ẹni tó jókòó sídìí òun ni? Ìwé tó wà níwájú ẹni kejìlá lè jẹ́ iwájú bí ìwé tó wà níwájú ẹni kìíní náà ṣe lè jẹ́ ẹ."

Alága rẹ́rìn-ín. "Ìyá Oníbọ́tìnnì, tó bá wá kan ẹni kejìlá tí iwájú ti tán ńkọ́?"

"Ó lè tán lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé gbogbo ẹ̀yìn ni wọ́n ti mú tán, tó jẹ́ iwájú ló kù tó ń dúró dè é. Ẹ ò lè ka èyí tó burú kẹ́ ẹ má ka èyí tó dáa. Tẹ́ ẹ bá ka méjèèjì pọ̀, márùn-ún nínú méjìlá yẹn náà ni."

Mo rò pé ó ti yé wọn. Ó sì ti yé Alága lóòótọ́, lọ́nà tirẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ìyá Oníbọ́tìnnì ní kò sí ìyàtọ̀. Akọ̀wé, ẹ kọ orúkọ wọn sí ipò kejìlá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ìlà náà, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnu gbogbo wa kò lórí nǹkan kan. Mi ò sì lè kọ̀ ọ́. Bí mo bá kọ̀ ọ́, á jẹ́ pé èmi gan-an ò gba ohun tí mo sọ gbọ́.

Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé wa ní Òjóò, mo rí i pé gbígbà á gbọ́ lọ́tọ̀, fífara balẹ̀ lọ́tọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú mo mú agolo wàrà kan tó ti ṣófo, mo ka bọ́tìnnì funfun márùn-ún àti dúdú méje sínú rẹ̀, gbogbo wọn tóbi bákan náà, ihò mẹ́rin-mẹ́rin. Mo dijú, mo mì í, mo ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí méjèèjìlá fi tán. Bí ìkíní bá jẹ́ funfun, mo fa ìlà kan sí apá ọ̀tún ìwé mi. Bí ìkejìlá bá jẹ́ funfun, mo fa ìlà kan sí apá òsì. Ọgọ́fà ìgbà ni mo ṣe é, torí márùn-ún nínú méjìlá ọgọ́fà jẹ́ àádọ́ta gééré, n kò sì fẹ́ kí ìṣirò mi ní ìdá.

Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, orí àga ni wọ́n sì wà tí wọ́n ń wò mí láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé bó o ṣe ń kà á yìí, ó ń pọ̀ sí i ni?" wọ́n bi mí.

"Mò ń wọn nǹkan ni."

"Pẹ̀lú agolo wàrà?"

Nígbà tí mo parí, mo ka ìlà. Ìkíní jẹ́ funfun ní ìgbà méjìdínláàádọ́ta. Ìkejìlá jẹ́ funfun ní ìgbà mẹ́tàléláàádọ́ta.

"Kí ló wá sọ fún ọ?" ọkọ mi ní.

"Ó ní ọ̀kan náà ni."

"Ọ̀kan náà ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín báyìí?"

Òótọ́ ni, mo ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ̀ pé ìyàtọ̀ márùn-ún yẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan, pé bí mo bá tún un ṣe lọ́la ó lè yí padà, inú mi dùn pé apá òsì ló pọ̀ jù. Mo pa ìwé náà dé kí n má baà máa wò ó.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé la ṣe é, níwájú ṣọ́ọ̀bù tuntun tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àlàájà ló mú abọ́ wá láti inú ọjà wọn, Alága sì gbé abọ́ náà wò lókè wò nísàlẹ̀ kó tó gbà á. Nínú àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe, Àlàájà ni ìkíní, Alága ni ìkejì. A fẹnu kò pé kí oníkálukú ṣí tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ojú gbogbo wa rí i.

Àlàájà ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ní bísímílláì, wọ́n sì ń po ìwé náà pọ̀, wọ́n ń pò ó pọ̀.

"Àlàájà, ọbẹ̀ kọ́ là ń sè o," Alága ní.

Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n ṣí i. Ẹ̀yìn ni. Wọ́n wò ó títí, wọ́n yí i wò lójú méjèèjì, wọ́n bi akọ̀wé bóyá òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jà fún ipò yẹn.

Èmi dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, mò ń ṣírò. Kí á tó ṣí ìwé kankan, ìwọ̀n tèmi jẹ́ márùn-ún nínú méjìlá. Bí a bá ti ṣí ọ̀kan, a ti mọ ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohun tí a mọ̀. Ó di márùn-ún nínú mọ́kànlá. Alága mú iwájú, ó sì bá ẹnikẹ́ni tó dúró nítòsí bọwọ́. Ẹni kẹta mú iwájú. Ó di mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, iwájú lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Aládùúrà bọ́ sí ipò keje rẹ̀, ó pa ojú dé, ó mú ẹ̀yìn.

"Ẹ̀mí ní keje," ó sọ jẹ́jẹ́. "Kò kúkú sọ ohun tí keje máa fún mi."

Ẹ̀yìn. Iwájú. Ẹ̀yìn. Nígbà tí èèyàn mẹ́wàá mú tán, ìwé méjì ló kù nínú abọ́, iwájú kan, ẹ̀yìn kan, àwa méjì ló sì kù: èmi àti Àǹtí Onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi níbi àtijọ́. A jọ ń ra omi mu ni, a jọ ń ṣọ́ ọjà ara wa. Òun ni kọkànlá. Ó wo inú abọ́, ó wò mí.

"Ìyá Oníbọ́tìnnì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, èwo ni kí n mú?"

"Ọ̀kan náà ni," mo ní.

Ó mú un. Ẹ̀yìn ni.

Kí n tó gbé ẹsẹ̀, ìwọ̀n tèmi ti di oókan. Síbẹ̀ Alága na abọ́ sí mi. "Ẹ mú un," ó ní. "Òfin lòfin." Mo ti ọwọ́ bọ abọ́ tí ìwé kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, mo sì mú ìwé náà. Mo ṣí i, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò yẹ kí ẹni tó mọ̀ pé oókan ni máa kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ariwo ta. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ìlà wa ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwa márùn-ún tí a mú iwájú gbà pé Ọlọ́run ló ṣe é. Àwọn méje yòókù gbà pé ojóoro wà níbẹ̀.

"Ẹni tó ní kò sí ìyàtọ̀," Àlàájà pariwo, "òun náà ló gba ipò tó dáa jù! Ó ti ṣírò rẹ̀ nílé kó tó wá!"

Mo rò pé òótọ́ ló máa gbà mí, ni mo bá mú ìwé mi jáde nínú báàgì. Mo fi ọgọ́fà ìgbà hàn wọ́n, mo ṣàlàyé apá ọ̀tún àti apá òsì.

"Ìkíní, méjìdínláàádọ́ta," akọ̀wé kà á sókè. "Ìkejìlá, mẹ́tàléláàádọ́ta."

"Ẹ gbọ́ o!" Àlàájà ní. "Márùn-ún ló fi lé! Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́!"

"Ìyàtọ̀ náà kéré, Àlàájà. Tí mo bá tún un ṣe, ìkíní lè borí."

"Kí ló dé tó ò tún un ṣe?"

Mo dá ìwé náà padà sínú báàgì.

Àwọn méje ní kí á tún kèké ṣẹ́. Méje ju márùn-ún lọ, Alága kò sì lè fi irùngbọ̀n dí wọn lọ́nà. Àlàájì fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà yìí ni ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Iwájú ti wà lọ́wọ́ mi. Bí a bá tún kèké náà ṣẹ́, n óò tún padà sí márùn-ún nínú méjìlá, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí n pàdánù rẹ̀ ju kí n rí i mú lọ.

Ohun tó gbà mí ni pé gbogbo wọn ló wá fẹ́ gbẹ̀yìn. Àlàájà ní àwọn ti mú ìkíní lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀tọ́ àwọn ni ìkẹyìn. Ìyá Aládùúrà ní Ẹ̀mí ti ṣàtúnṣe, kejìlá ló ń fi hàn báyìí. Alága, tó mú iwájú láti ipò kejì, ní bí ó bá di dandan kí á tún un ṣe, òun kò ní gba ohun tó kéré sí kọkànlá. Wọ́n jà ní ìpàdé mẹ́ta, kò sí ẹni tó gbà láti ṣáájú.

Gbólóhùn kan ló lè parí ìjà náà, èmi sì ni mo ní in. Mo ti sọ ọ́ rí, nígbà tí kò sí ohun tí mo máa pàdánù. Mo jókòó sẹ́yìn, mi ò nawọ́. Kò sí ẹni tó fura, torí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlàájà wá bá mi lábẹ́ agboòrùn tí mo ń tajà sí lẹ́bàá títì nígbà náà. Wọn ò bá ìjà wá. Wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó.

"Ọmọ mi, má tàn mí," wọ́n ní. "Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ yẹn, pé ọ̀kan náà ni gbogbo ipò, ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, mo máa sọ fún wọn kí á mú un lọ́la. Ipò tí wọ́n bá fún mi ni mo máa gbà. Ìjà yìí ti sú mi."

Mo ń to síìpù lọ́wọ́. Mo to mẹ́ta sí i.

"Àlàájà," mo ní, "ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ rí bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí fún ìgbà pípẹ́.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Mo mọ̀ pé ìwọ ò ní purọ́ fún mi."

Wọ́n padà sí ìpàdé, wọ́n sì jà fún ìkẹyìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé tí a kò tíì ṣẹ́ kèké kankan, Àlàájì ní ọ̀rọ̀ wa ti sú àwọn. Wọ́n mú orúkọ ti àkọ́kọ́, wọ́n sì pín kọ́kọ́rọ́ bó ṣe wà níbẹ̀.

Mo ti gbé ohun tí mo sọ fún Àlàájà yẹ̀ wò lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń ka bọ́tìnnì kí n tó tà á. Wọ́n wà níbẹ̀: òótọ́ ni. Wọ́n rí bó ṣe ṣẹlẹ̀: òótọ́ ni. N kò rí irọ́ kan nínú rẹ̀.

Láràárọ̀ ni Àlàájà ń gba iwájú gíláàsì mi kọjá lọ sí ọ̀nà tóóró yẹn, wọ́n á gbé ike lé orí, wọ́n á sì kí mi tayọ̀tayọ̀. Mo máa ń dìde kúrò nídìí ọjà, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí wọn ju bó ṣe yẹ lọ.